Ẹ Bi Àgbà Léèrè Ibi Tí Ó Fẹ́ Máa Gbé

Bíbélì Kíkà: 2 Samuẹli 19:31-39, Marku 7:9-13, Johannu 19:25-27

Ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láti inú agboolé wa. Bí ẹ bá gba àdúgbò àtijọ́ kọjá ní Ìkàrẹ́, tàbí tí ẹ gun òkè lọ sí Ọ̀kà ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, ta ni ẹ ó bá nílé? Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, ìyá àgbà méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ ó bá, àti bàbá kan tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Àkúrẹ́ tàbí ní òkè òkun. Kò sí ẹni tí ó pète rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ fún gbogbo ìdílé ti di ibùgbé àwọn àgbà nìkan. Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àgbà máa dá gbé, tàbí kí ó máa gbé láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí ọmọ rẹ̀ kò sí? Kí sì ni àwọn àgbà fúnra wọn ń wí?

Ohun Tí A Ṣe Sí Bàbá Mi

N kò lè kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni tí kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ikú ìyá wa, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìpàdé, a sì pinnu pé bàbá wa kò gbọ́dọ̀ dá gbé ní Ìkàrẹ́ mọ́. A kó ẹrù wọn, a mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ní Èkó, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Oúnjẹ wà, oògùn wà, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n wà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá ti jáde ní òwúrọ̀, wọn kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Àtẹ̀gùn ilé náà ga ju ohun tí orúnkún wọn lè gbà lọ. Ní oṣù kẹrin tí mo lọ kí wọn, wọ́n wí fún mi pé, "Ẹ tọ́jú mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú yín tí ó bi mí léèrè." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ìbáwí lọ. A dá wọn padà sílé.

Ẹ má ṣe rò pé ìṣòro tán níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, bàbá mi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ sì mọ́ kí aládùúgbò tó rí wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé o ti rí i báyìí?" N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni ìbẹ̀rù wọn.

Ohun Tí Àwọn Àgbà Ń Wí

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi etí sílẹ̀ bí mo bá ń kí àwọn àgbà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ jù. Èkíní, wọ́n fẹ́ràn kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì jẹ ohun tí ó wù wọ́n ní àkókò tí ó wù wọ́n. Èkejì, wọ́n fẹ́ ẹgbẹ́, ẹni tí ó rántí ohun tí wọ́n rántí, tí kò nílò àlàyé kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta, wọ́n fẹ́ wúlò. Ìyá tí ó ń parí ìjà fún àwọn ìyàwó ilé ní Ọ̀kà, àlejò lásán ni yóò jẹ́ ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ráhùn. Wọ́n ń bẹ̀rù òru, wọ́n ń bẹ̀rù àìsàn òjijì. Àwọn mìíràn wà tí kò fẹ́ dá gbé rárá, tí ìbá sì wù wọ́n láti lọ bá ọmọ, bí ọmọ bá lè pè wọ́n. Nítorí náà, ìdáhùn kan ṣoṣo kò sí fún gbogbo àgbà.

Ẹ wo ilẹ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1960, ará Amẹ́ríkà kan, Del Webb, ṣí ìlú kan tí a ń pè ní Sun City ní Arizona fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Olúkúlùkù ní ilé tirẹ̀, ibi eré ìdárayá àti ibi ìpàdé sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà yan ibẹ̀ fúnra wọn, kì í ṣe pé a lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n a kò gbà kí ọmọdé máa gbé ibẹ̀. Bàbá tí ó fẹ́ràn ariwo ọmọdé lè má fara mọ́ ọn. Ní Èkó pẹ̀lú, ilé àwọn arúgbó wà ní Yaba àti Regina Mundi ti ìjọ Àgùdà ní Mushin. Bí a bá gbọ́ pé àgbà kan wà níbẹ̀, a máa ń yára dá ọmọ rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ rántí pé lórí àgbélébùú, Jésù fi ìyá rẹ̀ lé ọmọ-ẹ̀yìn kan lọ́wọ́, inú ilé ẹni tí kò bí ni ó sì lọ gbé. Kì í ṣe ilé ẹlòmíràn ni ẹ̀gàn. Àìbẹ̀wò ni ẹ̀gàn.

Ohun Tí Barsillai Kọ́ Wa

Ẹni 80 ọdún ni Barsillai nígbà tí ọba Dáfídì, tí ó ti bọ́ nígbà ìpọ́njú, pè é kí ó wá máa gbé láàfin ní Jerúsálẹ́mù. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n Barsillai wí pé òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, òun kò sì lè gbọ́ ohùn àwọn akọrin. Ìlú òun, nítòsí ibojì bàbá àti ìyá òun, ni òun fẹ́ padà sí. Ó bẹ̀bẹ̀ kí Kimhamu lọ dípò òun. Ẹ kíyèsí ohun tí Dáfídì ṣe. Kò bínú, kò fi ipá mú un. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, ó sì ṣèlérí pé ohunkóhun tí ó bá béèrè ni òun yóò ṣe. Ó gbà fún un, síbẹ̀ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Apá kejì yìí ni ó ń ṣòro fún wa. Ó rọrùn láti wí pé, "Bàbá ní àwọn fẹ́ dá gbé," kí a sì fi èyí sinmi. Ní Marku 7, Jésù bá àwọn tí ó fi ẹ̀bùn sí Ọlọ́run bo ẹ̀tọ́ òbí mọ́lẹ̀ wí. Ẹni tí ó ń dáwó ìkórè ní ìjọ rẹ̀ ní Èkó, tí òrùlé ìyá rẹ̀ sì ń jò ní Ọ̀kà, kí ó tún ẹsẹ náà kà.

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí ní kí ọmọ fún un lọ́mú; kò fún ọmọ láṣẹ láti yan ihò tí òkété yóò máa gbé.

Lẹ́yìn tí bàbá mi ṣubú, a tún ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọn ni wọ́n jókòó sí àárín wa. Wọ́n ní àwọn kò kúrò ní Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n àwọn gbà kí ọmọkùnrin aládùúgbò kan tí ó wà ní ilé-ìwé máa sùn sọ́dọ̀ àwọn. A ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Èmi ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ewu kò tán, ṣùgbọ́n ewu tí àwọn fúnra wọn yàn ni, a sì ń bá wọn gbé e.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Nígbà wo ni o bi òbí rẹ léèrè ibi tí ó wù ú láti gbé, tí o sì dúró gbọ́ ìdáhùn?
2. Bí ohun tí àgbà fẹ́ bá léwu fún un, títí dé ibo ni ọmọ lè kọ̀ fún un?
3. Àgbà wo ni ó ń dá gbé ní àdúgbò kíláàsì yìí? Ta ni yóò mọ̀ bí ó bá ṣubú ní òru òní?