Ìrìn Àdánìkànrìn Láàárín Ìràwọ̀

Ní Ìlárá Rẹ́mọ, nínú ilẹ̀ olóbì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ni Bàbá Olùkọ́, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àti Déjì, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù, jọ jíròrò lórí ọ̀rọ̀ kan. Déjì ń múra láti fi oṣù mélòó kan dá rìnrìn àjò nínú géèmù tí à ń pè ní Elite Dangerous. Ìbéèrè tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi àkókò rẹ̀ rin ìrìn tí ẹnikẹ́ni kò rán an, lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé?

BÀBÁ OLÙKỌ́: Déjì, wọ́n ní o ń lọ sí àjò, ṣùgbọ́n n kò rí ẹrù, n kò sì rí ẹni tí ó ń sìn ọ́ sọ́nà. Sọ tẹnu rẹ kí n tó sọ tèmi, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

DÉJÌ: Ẹ ṣeun, Bàbá. David Braben àti Ian Bell, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì, ni wọ́n ṣe géèmù Elite ní ọdún 1984. Ilé iṣẹ́ Braben tí ó wà ní Cambridge ni ó sì ṣe ìran rẹ̀ ti òde òní, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí oòrùn tiwa wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fara wé, bí ó ti tóbi tó gan-an, ìràwọ̀ inú rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 400. Àwọn kan jẹ́ èyí tí àwọn onímọ̀ ti fi awò rí ní sánmà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ni kọ̀ǹpútà fi ìṣirò gbé kalẹ̀, débi pé gbogbo ìrìn tí àìmọye ènìyàn ti rìn níbẹ̀ kò tíì kárí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Beagle Point tí mo fẹ́ dé wà ní etí kejì ìṣùpọ̀ náà, ó sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá, tí kò sí ohun tí ó yára jù ú lọ, yóò rin nǹkan bí ọdún 65,000 láti ọ̀dọ̀ oòrùn kí ó tó débẹ̀.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ta ni o fẹ́ kí níbẹ̀?

DÉJÌ: Kò sí ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ọkọ̀ mi yóò fò láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, èmi yóò sì máa wo àwọn ayé tí ó yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara ìràwọ̀ náà ni mo ti ń bu epo: n óo sún mọ́ ọn títí iná rẹ̀ yóò fi gba gbogbo ojú fèrèsé, ọkọ̀ yóò máa fa epo, ooru yóò sì máa ga sókè. Bí mo bá tètè yà, epo kò ní tó. Bí mo bá pẹ́ jù, ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn ìràwọ̀ mìíràn sì wà tí kò ní epo rárá, tí ẹni tí kò bá fi ọgbọ́n yan ọ̀nà yóò há sí àárín wọn. Sùúrù ni mo ń kọ́ níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò yìn mí, kò sì sí ẹni tí yóò bú mi.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Sùúrù dára, òun ni baba ìwà. Ṣùgbọ́n wo àwọn Hausa tí wọ́n tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣágámù nítorí obì wa. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, ìrìn wọn sì ṣe àwa tí a lóko láǹfààní, ó ṣe àwọn tí ń jẹ obì ní Òkè Ọya náà láǹfààní. Ta ni yóò jẹ nínú ìrìn tìrẹ?

DÉJÌ: Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má rìn àfi kí ó rí ohun tà, kí ni a óo sọ nípa Ọlábísí Àjàlá? Ẹnikẹ́ni kò rán an tí ó fi gun kẹ̀kẹ́ ológere la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá ní ọdún 1952, tí ó sì tún gun alùpùpù kiri ayé lẹ́yìn náà.

BÀBÁ OLÙKỌ́: O mú ẹni ire wá jẹ́rìí, ṣùgbọ́n tèmi ni ó ń jẹ́. Pẹ̀lú agbádá lọ́rùn ni Àjàlá fi gun kẹ̀kẹ́ náà, ó ru orúkọ ilé lọ sójú àjò. Ó bá ènìyàn jókòó, ó bá ènìyàn jẹun, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé ní ọdún 1963, Ebenezer Obey náà sì fi í kọrin. Ìwọ ńkọ́?

DÉJÌ: Géèmù náà ní òfin kan, Bàbá. Ohun tí mo bá rí kì í ṣe tèmi títí n óo fi gbé ìròyìn rẹ̀ padà dé ibùdó. Bí mo bá rin oṣù mẹ́fà, tí ọkọ̀ sì fọ́ kí n tó gúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, orúkọ mi yóò wà lára ìràwọ̀ tí mo kọ́kọ́ rí, gbogbo ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn mi yóò sì kà á.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Àṣé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé! Bí epo bá wá tán pátápátá ńkọ́?

DÉJÌ: Ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Fuel Rats. Ẹni tí ó bá há yóò ké sí wọn, wọn yóò sì gbé epo lọ bá a, ìbáà jẹ́ ọ̀nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, láìgba kọ́bọ̀, láìmọ ọmọ ẹni tí í ṣe.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Ìwọ tí o ní o dá nìkan wà, etí ẹlòmíràn tí ó là sílẹ̀ ni o gbójú lé lọ́nà. Ǹjẹ́ ó wá tọ́ kí o di etí tìrẹ? Bí ìyá rẹ bá pè ọ́ lóru láti Ìlárá yìí, tí o wà lẹ́bàá ìràwọ̀, ta ni yóò dáhùn?

DÉJÌ: Ṣùgbọ́n, Bàbá, láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni fóònù ń dún sí mi létí níbi iṣẹ́. Bí ó bá tún ń dún níbẹ̀, mo ti pàdánù ohun tí mo wá lọ. Ẹni tí kò lè gbé pẹ̀lú ara rẹ̀ kì í pẹ́ sú ará ilé rẹ̀.

BÀBÁ OLÙKỌ́: Òótọ́ lo sọ, n kò sì ní fi ọjọ́ orí borí rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ, iyàn náà sì ti tó kí àgbà gbà pé kì í ṣe gbogbo ìrìn ni ó gbọ́dọ̀ mówó wálé. Ṣùgbọ́n ariwo yàtọ̀ sí ìpè. Ariwo ni ti ẹni tí kò bá pè ọ́ lónìí tí nǹkan kan kò ní bàjẹ́. Ìpè ni ti ẹni tí o jẹ ní gbèsè ìtọ́jú. Pa ojú fóònù dé sí ti àkọ́kọ́, má sì pa á dé sí ti èkejì.

DÉJÌ: Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó ha sọ pé ìrìn náà tọ́?

BÀBÁ OLÙKỌ́: Ó tọ́. Sọ ọjọ́ tí o ń padà fún àwọn ará ilé kí o tó lọ, kí o sì jẹ́ ẹni tí a lè pè. Ibi tí ènìyàn jìnnà dé kọ́ ni ó ń sọ ọ́ di aláìbìkítà. Ẹni tí ó wà nínú ilé tí kò dáhùn ti jìnnà ju Beagle Point lọ.