Ìbò àti Ọkàn Olùdìbò
Kíkọ orúkọ ẹni tí kò sí lórí ìwé ìdìbò gbé ìbéèrè kan dìde: ṣé ohùn ọkàn ni ìbò, àbí irinṣẹ́ tí a fi ń yan olórí lásán? Ìpínlẹ̀ Hawaii ka kíkọ náà léèwọ̀. Ní 1992, adájọ́ 6 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá Hawaii láre, pé yíyan olórí ni iṣẹ́ ìbò. Adájọ́ Kennedy, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kù, kò gbà: ẹni tí kò rí olùdíje tó tẹ́ ẹ lọ́rùn kò ní ìbò tó nítumọ̀ mọ́. Àlàyé rẹ̀ ló wúwo jù. Ní Alaska, níbi tí òfin ti fàyè gba irú kíkọ bẹ́ẹ̀, orúkọ àfọwọ́kọ ló dá Lisa Murkowski padà sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní 2010.