Ọ̀wẹ̀ fún Òkú Ogun

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, lọ́dọọdún, ni a máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n ti kú. Ọjọ́ yìí ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Kí ó tó di ìgbà náà, ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni à ń lò bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní Erékùṣù Èkó, ọgbà ìrántí náà wà ní Gbàgede Tafawa Balewa, lórí pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré rí. Fèrè a dún, àwọn èèyàn pàtàkì a fi òdòdó lélẹ̀, ẹyẹlé a fò lọ. Lẹ́yìn èyí, koríko tí yóò máa hù títí di ọdún tí ń bọ̀, iṣẹ́ ta ni?

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọgbà ìrántí ńlá tí wọ́n ṣí ní Staffordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2001, ọ̀pọ̀ èèyàn ní ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Kí ni irú wọn ń wá? Àwa náà mọ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Bí mo bá bá ọ ro oko lónìí, ìwọ náà yóò bá mi ro tèmi lọ́tunla: àáró nìyẹn. Bí àna ẹni bá fẹ́ bo ilé, a ó kó ẹgbẹ́ ẹni lọ ṣe ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ẹmu kò sì ní wọ́n wa níbẹ̀. Òkú ogun kò lè dá àáró padà, kò sì lè se oúnjẹ ọ̀wẹ̀.

Kò tilẹ̀ ní ẹbí nítòsí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀yọ̀ Adámú Òrìṣà a máa jáde nítorí olóògbé tí ó ní orúkọ, tí ó ní ilé. Sọ́jà tí ère rẹ̀ ti dúró ní Ìdúmọ̀tà rí kò ní orúkọ kankan ju Sọ́jà lọ.

Èsì tí ó yá lẹ́nu ni pé wọ́n ti ṣe tiwọn fún wa, gbèsè wọn ni ó wà lọ́rùn wa. Èmi kò gba èyí tán. Àwọn tí wọ́n lọ sí Bọ́mà, ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jà, àwọn mìíràn kò sì finú-fẹ́dọ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n kú láàárín 1967 sí 1970 ńkọ́? Ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n dojú ìbọn kọ. Bí a bá ní a ó kọ́kọ́ ṣírò ẹni tí ó jẹ gbèsè kí a tó gbé ọkọ́, igbó yóò ti di.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ìbọn bà á ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ní 1944, itan rẹ̀ ṣẹ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, wà nínú igbó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman ní ń bọ́ wọn, ó sì gbé wọn pamọ́ sínú ilé rẹ̀ níkẹyìn. Bí àwọn ọmọ ogun Jàpáànù bá mọ̀, wọn yóò pa á. Kí ni Shuyiman jẹ ọmọ Èmùré-Ilé? Kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ènìyàn ni ó rí tí ó ṣubú sórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí lẹ́tà ọpẹ́ Fadoyebo tó dé ìdílé náà, nípasẹ̀ oníròyìn Barnaby Phillips. Shuyiman ti kú.

Ojú yìí ni mo fi ń wo ẹni tí ó bá fínnúfíndọ̀ ro ọgbà náà: àwọn òkú wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ohun kan ń kọ mí lóminú ṣáá. Òdòdó a máa mú kí ogun dára lójú. Àwọn baba wa kì í gbin pèrègún nítorí ẹwà. Àmì ni, kí ẹni tí ń kọjá lè mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Bí ó bá jẹ́ èmi ni a fi ọ̀rọ̀ lọ̀, pèrègún ni à bá gbìn. Kí a má sì gbìn ín ní ọjọ́ ayẹyẹ, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí onífọ́tò pọ̀, àfi bí a bá ti mọ ẹni tí yóò máa pọn omi sí i nínú oṣù Èrèlé.