Ta Ni Ó Wà Ní Ìsàlẹ̀ Odò?

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ojú sánmà ni a gbé wá sí ojú ìwé yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ilé kò tíì tán nílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé ìsàlẹ̀. Ìbéèrè kan ni ó gbé wa dé ibẹ̀, ìbéèrè náà sì kan olúkúlùkù wa: ǹjẹ́ a jẹ ẹni tí a kò rí rí, tí a kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí, ní gbèsè kankan?

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé ìwé mọ̀ pé ayé tí a ń gbé yìí kò dá nìkan yí oòrùn ká. Mẹ́jọ ni wọ́n, àwọn tí a ń pè ní plánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin tí ó súnmọ́ oòrùn jẹ́ olókùúta, tiwa sì ni ẹ̀kẹta nínú wọn. Mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni àwọn òmìrán: Jupiter, Saturn, Uranus àti Neptune. Jupiter ni ó tóbi jù. Bí a bá to ayé bí tiwa mọ́kànlá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìgbà náà ni wọn yóò fẹ̀ tó o. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ṣófo bí ìkòkò, ayé bí tiwa tí yóò gba inú rẹ̀ lé ní 1,300. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo títóbi yìí, kò ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Gáàsì ni, hydrogen àti helium. Ẹni tí ó bá já sínú rẹ̀ yóò máa lọ sísàlẹ̀ ni, ooru àti ìwúwo afẹ́fẹ́ yóò sì ti fọ́ ọ túútúú kí ó tó rí ibi dúró sí. Saturn tí ó tẹ̀ lé e ni ó ní òrùka yìnyín lára, bí gèlè tí a wé tí ó fẹ̀ kọjá èjìká. Ó fúyẹ́ ju omi lọ fún bí ó ti tóbi tó; bí a bá rí agbada omi tí ó lè gbà á, yóò léfòó ni. Jupiter àti Saturn kò béèrè awò kankan, ojú lásán tó láti rí wọn ní alẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Uranus àti Neptune jìnnà débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo, Voyager 2, ni ó tíì kọjá lára wọn, ní 1986 àti 1989. A ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lónìí.

Kò sí ẹni tí yóò kọ́lé sórí òmìrán, ṣùgbọ́n bí agbo ilé ńlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí. Àwa ní òṣùpá kan ṣoṣo. Tiwọn pọ̀ lọ jàra, òmíràn nínú àwọn òṣùpá wọ̀nyí sì ní omi lábẹ́ yìnyín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1997, ilé iṣẹ́ NASA ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù àti ilé iṣẹ́ ti Ítálì rán ọkọ̀ kan lọ sí ọ̀dọ̀ Saturn. Cassini ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ni ó kún inú rẹ̀. Nǹkan bí ọdún méje ni ó fi rìn kí ó tó dé ní àárín 2004. Ní ọdún kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára òṣùpá kékeré kan tí a ń pè ní Enceladus, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 500 kìlómítà, èyí tí kò tó ìrìn Èkó sí Àbújá. Obìnrin kan, Michele Dougherty, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni olórí àwọn tí ń bójú tó ẹ̀rọ tí ń wọn agbára òòfà nínú ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé agbára òòfà Saturn ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítòsí Enceladus, bí ẹni pé ohun kan dí i lọ́nà. Ó rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ náà súnmọ́ ọn ju bí wọ́n ti pète lọ. Wọ́n gbà fún un. Ní oṣù Keje 2005 ọkọ̀ náà kọjá ní 173 kìlómítà sí i, àṣírí sì tú: omi ni ó ń tú jáde láti inú ojú yìnyín tí ó là ní gúúsù òṣùpá náà, tí ó ń ru sókè bí ooru tí ń jáde lẹ́nu ìkòkò tí ó ń hó. Ní 2025 wọ́n fi obìnrin yìí jẹ oyè Onímọ̀ Ìràwọ̀ Ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oyè tí ó ti wà láti 1675 tí obìnrin kankan kò jẹ rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa gbọ́ èyí.

Lábẹ́ yìnyín náà, òkun oníyọ̀ ni ó wà. Cassini gba àárín omi títú náà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì tọ́ ọ wò. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Lára àwọn èròjà tí ara ohun alààyè fi ń dúró wà níbẹ̀. Hydrogen tí ó bá pàdé fi hàn pé omi gbígbóná ń kan òkúta ní ìsàlẹ̀ òkun náà. Kò sí ẹni tí ó rí ohun alààyè kankan o. Ṣùgbọ́n ilé wà, ààrò wà, oúnjẹ wà. A kàn kò mọ̀ bóyá onílé wà nínú ilé.

Nígbà tí ó fi di 2017, epo tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ náà ti fẹ́ tán. Ẹ rántí pé àwọn tí ó kọ́ ọ kò mọ̀ nípa òkun yìí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, nítorí náà wọn kò fọ̀ ọ́ mọ́ tó bí a ti í fọ ohun tí yóò dé ibi omi. Ó ṣeé ṣe kí kòkòrò àìfojúrí láti ayé wa ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún gbé plutonium, tí ooru rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Bí epo bá tán tí kò sì sí ẹni tí ó lè darí rẹ̀ mọ́, ó lè já lu Enceladus lọ́jọ́ kan, kí ooru rẹ̀ yọ́ yìnyín, kí kòkòrò tiwa sì bọ́ sínú omi wọn. Ẹ rí i pé a ti ń wí pé “omi wọn”, a kò sì tíì mọ̀ bóyá “wọn” wà.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n darí ọkọ̀ náà sínú Saturn fúnra rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún náà, wọ́n jẹ́ kí ó gba àárín òrùka àti Saturn kọjá nígbà 22, níbi tí ọkọ̀ kankan kò gbà rí, kí wọ́n lè rí ẹ̀kọ́ ìkẹyìn kọ́. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù Kẹsàn-án 2017, ó wọlé lọ pátápátá. Ó ń jíṣẹ́ títí ó fi jóná. Ohùn rẹ̀ ìkẹyìn dé ayé nígbà tí aago kan ọ̀sán ku nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ní Nàìjíríà níbí. Ọ̀nà jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn náà ti rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 83; nígbà tí àwọn tí ó rán an ń gbọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Òmíràn nínú wọn ti fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n dì mọ́ ara wọn. Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́: ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2003 wọ́n ti darí ọkọ̀ Galileo sínú Jupiter bákan náà, nítorí òṣùpá Europa tí a gbà pé òkun wà lábẹ́ rẹ̀.

A ka ìtàn yìí nínú ìpàdé wa, ó sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Màmá àgbà kan dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ tí a rí, tí a mọ orúkọ rẹ̀, ebi ń pa á ní ojúde wa, ẹ sì ń bá mi sọ̀rọ̀ kòkòrò tí bóyá kò sí.” A kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Owó tí iṣẹ́ náà gbà lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Lójú tiwa, Màmá jàre lórí ẹni tí a ó kọ́kọ́ bọ́. Ṣùgbọ́n owó ti lọ, àlejò ti dé àgbàlá olóhun. Ohun tí ó kù ni bí àlejò yóò ti hùwà. Kò sí ọmọ kan tí ìbá yó bí wọ́n bá jẹ́ kí ọkọ̀ náà já lu Enceladus.

Arábìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì béèrè pé, ta ni ó sọ pé Saturn kì í ṣe ilé ẹnì kankan? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí a lè fi dáhùn ni pé Saturn kò ní òkun tí kòkòrò tiwa lè bọ́ sí kí ó sì máa bí sí i. Ọkọ̀ náà yára wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ó jóná pẹ̀lú ohun gbogbo tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Òmìrán gbé e mì, kò sì sí àpá lára rẹ̀.

Ẹni kẹta ni ó pa wá lẹ́nu mọ́. Ó ní, “Nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, ta ni kì í da ilẹ̀ sínú gọ́tà nínú wa?” A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wa ni a ń ṣe é. “Òjò á gbé e lọ,” bẹ́ẹ̀ ni a máa ń wí. Lọ sí ibo? A kò béèrè rí. Ó wá sọ fún wa pé òun lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní ìsàlẹ̀ òkè wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, òun sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbọ́n ẹrọ̀fọ̀ kúrò nínú pálọ̀. Nínú ẹrọ̀fọ̀ náà ni òun ti rí sálúbàtà àbígbẹ̀yìn òun, èyí tí òun fi òwú búlúù rán létí kí òun tó sọ ọ́ nù. Kò lè sọ fún wọn. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì bá wọn gbọ́n ọn títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà wa ní àgbàrá kò sọ pé òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a wà lókè kò béèrè lọ́wọ́ onílé náà rí.

“N kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀” ni àwíjàre wa, a sì kà á sí ohun tí ó tó. Àwọn tí ó ni Cassini yí ọ̀rọ̀ náà padà: nítorí pé a kò mọ̀ ni a kò fi gbọdọ̀ ṣe é. Ẹni tí ó mọ̀ dájú pé yàrá ṣófo lè ju ẹrù sínú rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ẹni tí kò mọ̀ níláti kan ilẹ̀kùn, òun ni ìwádìí sì já lé lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí ó lè wà nínú ilé. Bí kòkòrò tiwa bá sì ti bọ́ sínú òkun yẹn, ó di iyọ̀ tí ó bọ́ sínú ọbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣà á jáde. Bí a bá tilẹ̀ wá rí ohun alààyè níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, a ó máa ṣiyèméjì bóyá tiwọn ni tàbí tiwa. Àdéhùn àgbáyé kan ti wà láti 1967 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó èérí ayé lọ ba ojú sánmà jẹ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wọ inú rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé ohun tí wọ́n yááfì kò tó nǹkan, ọkọ̀ ogbó tí epo rẹ̀ ti ń lọ tán. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró kí epo náà tán pátápátá, nítorí ọkọ̀ tí kò lépo kò ṣeé darí síbì kankan. Ìgbà tí agbára díẹ̀ ṣì kù ni wọ́n ṣe é. Àwa tí a ti rí ọmọ ìyá tí ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ nítorí pé bàbá wọn ń sún ọ̀rọ̀ náà síwájú títí ohùn fi há a, a mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ní oṣù Kẹrin 2023 àwọn ará Yúróòpù rán ọkọ̀ mìíràn tí a ń pè ní JUICE sí ọ̀dọ̀ Jupiter; 2031 ni a ń retí kí ó dé. Ètò wọn ni pé ní ìgbẹ̀yìn yóò já lu Ganymede, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn òṣùpá Jupiter. Ẹ̀rí wà pé òkun wà lábẹ́ Ganymede náà, ṣùgbọ́n yìnyín orí rẹ̀ nípọn púpọ̀, àwọn onímọ̀ sì gbà pé kò rọrùn rárá kí kòkòrò gba inú rẹ̀ dé ibi omi. Nígbà tí a kà á dé ibí yìí, nọ́ọ̀sì wa tún nawọ́ sókè: “Ṣé ó dá wọn lójú?” Màmá àgbà, ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kòkòrò kò kan òun, ni ó dá a lóhùn. Ó ní kí wọ́n tún yìnyín náà wọ̀n dáadáa kí wọ́n tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà já lù ú.