Ojúṣe Òfin sí Ọmọ tí a Pa Òbí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Bí apànìyàn bá wá pa ẹni tí ó bímọ náà, ta ni yóò dúró fún ọmọ? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹbí nìkan. Ó kan ọlọ́pàá, ó kan ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó sì kan adájọ́. Nítorí pé ọmọ tí apànìyàn sọ di aláìníbaba lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ilé ẹjọ́ ń fẹ́ gbọ́. Ẹrù méjì ni ó wá bọ́ sí orí ẹni tí ń tọpa apànìyàn: kí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ, kí ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ ikú. Ǹjẹ́ ẹnìkan ṣoṣo lè ru méjèèjì kí ọ̀kan má já bọ́?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Sísílì, ní ilẹ̀ Ítálì, yóò jẹ́ kí á lè ro ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Ní ọdún 1985 ni wọ́n pa Vito Atria, ọkùnrin kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Máfíà ní ìlú Partanna. Ọmọ ọdún 11 ni Rita, ọmọ rẹ̀ obìnrin, nígbà náà. Ní ọdún 1991, wọ́n tún pa Nicola, ẹ̀gbọ́n Rita. Piera Aiello, ìyàwó Nicola, tọ àwọn agbófinró lọ, ó sì tú ohun tí ó mọ̀ palẹ̀. Kò pẹ́ tí Rita, tí ó ti di ọmọ ọdún 17, fi ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Paolo Borsellino, agbẹjọ́rò ìjọba tí ó ń darí ìwádìí ọ̀ràn ní Marsala, ni ó gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀.

Ìyá Rita kọ̀ ọ́ lọ́mọ, nítorí pé ní àwùjọ wọn, ẹni tí ó bá tú àṣírí fún ìjọba ti di ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí Róòmù, wọ́n fi orúkọ mìíràn bò ó lójú. Borsellino mú un bí ọmọ. Òun náà sì mú Borsellino bí baba. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 1992, bọ́ǹbù pa Borsellino ní Palermo pẹ̀lú ọlọ́pàá márùn-ún tí ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Rita já láti òkè ilé ní Róòmù, ó sì kú. Kò tíì pé ọmọ ọdún 18.

Àwọn kan lè sọ pé Borsellino ni ó ṣe àṣìṣe. Pé òṣìṣẹ́ òfin kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di baba ajẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé ògiri lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ni bóyá ìfẹ́ náà jẹ́ òtítọ́, tàbí ó jẹ́ ìjẹ tí apẹja fi sí ẹnu ìwọ̀. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá ní, “N kò sọ̀rọ̀ mọ́,” ṣé ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ yóò ṣì máa tọ́jú rẹ̀? Bí yóò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni. Bí kò bá ní ṣe bẹ́ẹ̀, ìjẹ ni.

Àwọn mìíràn lè sọ pé kò sí ẹni tí ó fi ipá mú Rita. Òun ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí á fi ojú kéré ìgboyà rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ wo bí ọwọ́ náà ti tó. Gbígbà láti sọ òtítọ́ kì í ṣe gbígbà láti pàdánù ìyá, ìlú àti orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1989 lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, èyí tí Ítálì fọwọ́ sí ní ọdún 1991, ka ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 sí ọmọdé. Ó sì ní kí ire ọmọdé wà lára ohun pàtàkì tí a ó kọ́kọ́ rò. Ọmọdé ni Rita.

Níbo wá ni àléébù náà wà? Inú ètò ni. Òfin tí Ítálì ṣe ní ọdún 1991 láti dáàbò bo àwọn tí ń tú àṣírí wo ọ̀daràn tí ó ronú pìwà dà ju aláìṣẹ̀ lọ. Ọdún 2001 ni òfin tó ya ajẹ́rìí tí kò dẹ́ṣẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì di ọdún 2018 kí irú àwọn ajẹ́rìí bẹ́ẹ̀ tó ní òfin tiwọn. A lè fi ara ọmọ pamọ́ sínú ilé kí ọkàn rẹ̀ sì wà ní ìta gbangba. Ohun tí ó yẹ kí igba ènìyàn ṣe, ẹnìkan ni ó ń ṣe é láti inú àánú ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á, ohun gbogbo wó lé ọmọ lórí.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ènìyàn rere kò lè rọ́pò ètò rere, nítorí pé ènìyàn rere a máa kú. Kì í ṣe pé kí olùwádìí má fẹ́ràn ọmọ. Kí ó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wá àwọn mìíràn tí yóò bá a fẹ́ràn rẹ̀: alágbàtọ́, olùkọ́, oníṣègùn, àti ọ̀rẹ́ tí kò bèèrè ẹ̀rí kankan. Òfin tí ó bá gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ tí a pa òbí rẹ̀ ti jẹ ọmọ náà ní gbèsè òbí. Ìdájọ́ tí ó bá mú apànìyàn tí ó sì sọ ọmọ nù kò tíì san gbèsè náà tán.