Ta Ló Pẹ́ Kó Tó Dé?

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi gbẹ̀bí láwọn abúlé kòkó Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Akọ̀wé ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kan níbẹ̀. Àbá òfin kan ló gbé wá kí ìyá bá a yẹ̀ ẹ́ wò: kí aboyún tó bá lọ bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ san owó ìtanràn, kí agbẹ̀bí tó gbà á náà san tiẹ̀.

AKỌ̀WÉ: Màmá, mo mọ̀ pé ó le létí. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé sí wọ́ọ̀dù kan. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, owó káàdì ò sì pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí ni àwọn aboyún ń lọ. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà tí kò dá mọ́ ni wọ́n tó ń gbé wọn wá bá wa. Bó bá kú sọ́wọ́ wa, àwa ni gbogbo ìlú ń bú.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Fi ti èébú sílẹ̀ ná. Obìnrin tó ń gbé abà, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe àgbàṣe nínú oko kòkó olóko, báwo ló ṣe ń dé ilé ìwòsàn yín?

AKỌ̀WÉ: Ọ̀kadà wà, mà.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ó wà lọ́sàn-án. Lóru ńkọ́? Nígbà tí òjò bá rọ̀ tí odò kún ńkọ́? Owó ọ̀kadà òru lè ju ohun tí ọkọ ń rí lóòjọ́ lọ, ọlọ́kadà á sì gbà á kó tó gbéra. Bí wọ́n bá wá dé ọ̀dọ̀ yín, ìwé ohun tí wọ́n máa rà ni wọ́n á kọ́kọ́ bá pàdé: Dettol, ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ́. Ìyá agbẹ̀bí ń gba iṣu. Ó ń dúró de ìkórè. Ìwọ ò lè dúró de ìkórè.

AKỌ̀WÉ: Ìjọba ò lè máa gba iṣu, mà. Mi ò sì lè fọwọ́ sí i pé kí èèyàn torí iṣu fi ẹ̀mí wewu. Ọmọ inú ò yan ibi tí wọ́n máa bí òun sí. Bí òfin ò bá gbèjà rẹ̀, ta ló fẹ́ gbà á?

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ọ̀rọ̀ ọmọ inú yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti rí aboyún tí gìrì ẹ̀jẹ̀ ríru mú, tí wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni, tí wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí títí ó fi kú. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n sọ fún mi: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin, tí agbẹ̀bí mọ̀ pé owó ìtanràn ń dúró de òun, ṣé á tètè gbé e wá ni, àbí á fi í pamọ́?

AKỌ̀WÉ: Á fi í pamọ́.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dáa. Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, kọ ọ́ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aboyún: kó tó pinnu pé òun máa lọ, kó tó dé ibẹ̀, àti kí wọ́n tó dá a lóhùn lẹ́yìn tó ti dé. Ẹyọ kan ni òfin rẹ mú, èyí tó wà lọ́rùn obìnrin. Àwọn méjì yòókù sì ló bí i! Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà ò dáa, tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn yín máa ń wà ní títì lóru, ó ti rò ó kó tó yan ìyá agbẹ̀bí. Abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, inú fíríìjì ló yẹ kó wà. Bí iná ò bá sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí agbára abẹ́rẹ́ ti lọ, ta ló máa san ìtanràn ìyẹn?

AKỌ̀WÉ: Ẹ má di gbogbo rẹ̀ lé wa lórí, mà. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tọ̀sán tòru. Kò sílé, kò sómi, kò sí ọlọ́dẹ. Ẹ̀tọ́ tiẹ̀ ńkọ́?

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀tọ́ rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ òfin tó máa sọ òun àti obìnrin abà di ọ̀tá ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba kan náà ló jẹ àwọn méjèèjì ní gbèsè. Òfin Ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé. Ìṣúná ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi í sí. Ọdún mẹ́rin, Akọ̀wé. Aboyún tó pẹ́ wákàtí mẹ́rin lo fẹ́ bu owó lé.

AKỌ̀WÉ: (ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì) Kí ni kí n wá kọ sínú àbá náà?

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Kọ ohun tí wọ́n ti ṣe rí ní ìtòsí ibí. Lọ́dún 2009, nígbà Gómìnà Mímíkò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Òṣìṣẹ́ ìlera ń gun alùpùpù tọ aboyún lọ, wọ́n sì fún aboyún ní fóònù tó lè fi pè wọ́n. Nígbà tó di 2014, wọ́n gbé Agbẹ̀bíyè dé: agbẹ̀bí tó bá mú aboyún wá sílé ìwòsàn ń gba ẹ̀bùn, wọ́n sì ń kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn.

AKỌ̀WÉ: Èyí gan-an ló ń dà mí láàmú. A ó máa sanwó fún ẹni tó ti ń fi ẹ̀mí èèyàn wewu, ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé ìwòsàn kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Ṣé ìyẹn náà ni òdodo?

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ará ìlú tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn, owó káàdì nìkan ló ń san. Ará abà ń san káàdì, ó ń san ọ̀kadà, ó ń pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì ń fi ẹ̀mí la ọ̀nà òru kọjá. Iye kan náà lẹ kọ sára ògiri yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye kan náà ni wọ́n ń san. Ohun tó bá fi wọ́n sí ọgbọọgba ni òdodo. Bó bá gba kí n fún agbẹ̀bí lẹ́bùn, màá fún un.

AKỌ̀WÉ: Agbẹ̀bí tí wọ́n ti kọ́, tó ní nọ́ńbà wa lọ́wọ́, tí mọ́tò wà láti gbé e, tó ṣì dá obìnrin dúró ńkọ́?

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ìyẹn, fòfin mú un. Mi ò ní bá ọ jiyàn. Àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tí mọ́tò bá ti wà ni o.

AKỌ̀WÉ: Alága ò ní fẹ́ dúró de mọ́tò, mà.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ta ló ń ṣojú àwọn ará abà nínú ìpàdé yín?

AKỌ̀WÉ: Kò sẹ́nì kan.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ọjọ́ wo lẹ tún máa jókòó?

AKỌ̀WÉ: Ọjọ́bọ̀.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Màá mú ìyá agbẹ̀bí kan dání, àti obìnrin méjì láti abà.

AKỌ̀WÉ: Wọn ò ní rówó ọkọ̀, mà.

ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀yin lẹ máa san án. Kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n rí i.