Eré Wo Ló Dára Jù Láyé? Ẹjọ́ Ẹni Tí Kò Sí ní Kóòtù

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo máa ń lọ ní Manchester níbí, kò sí ọ̀rọ̀ tí a kì í fà: bọ́ọ̀lù, ìṣèlú ilé, owó ilé tó ń gòkè lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló délẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní kò sí eré orí tẹlifíṣọ̀n kankan láyé ńbí tó tó The Wire. Ẹni tó wà lórí àga, tí wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀, yí padà wìì. "Irọ́ ńlá! Breaking Bad ńkọ́?" Onígbàjámọ̀ ní kó jókòó jẹ́ẹ́ kí òun má baà gé e létí.

Bàbá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹni tó ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún. Wọn ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ wo Kóòtù Aṣípa?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ọmọ The Wire ní, "Bàbá, níbo la ti lè rí i wò?"

Bàbá ní, "Díẹ̀díẹ̀ lẹ máa rí, ìyẹn tẹ́ ẹ bá rí i rárá."

"Ẹ má bínú, sà," ọmọ náà ní, "bí a ò bá lè rí i wò, báwo la ṣe máa kà á mọ́ ọn?"

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi délé. Mo ní kí n gbé e jù sílẹ̀, kò jù sílẹ̀. Ọmọ náà ò ṣe àfojúdi, òótọ́ ló sọ. Èèyàn kì í jẹ́rìí sí ohun tí kò fojú rí. Síbẹ̀, nǹkan kan wà nínú òótọ́ yẹn tó ń ro mí lára, mo sì fẹ́ ká jọ tú u wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí a máa ń lù pọ̀. "Ó wù mí" yàtọ̀ sí "ó dára". Bí mo bá ní àmàlà wù mí ju iyán lọ, ta ló máa bá mi jà? Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní The Wire ló dára jù, mi ò sọ ti ara mi nìkan mọ́. Mò ń sọ pé ó yẹ kí ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti fa àga adájọ́, mo sì ti jókòó sórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń gbóná ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹni tí wọ́n ń fá lórí fi ń gbàgbé abẹ.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ "dára jù", pé ìfẹ́ inú kálukú ni gbogbo ẹ̀. Mi ò gbà. Bó bá jẹ́ ìfẹ́ inú lásán ni, kí ló dé tí a fi ń wá ẹ̀rí? Ọmọ yẹn ò kàn sọ pé òun fẹ́ràn The Wire. Ó rojọ́. Ó ní apá ọgọ́ta ni, láàárín 2002 sí 2008, ní ìlú Baltimore, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún ló sì kojú apá kan ìlú náà: ọlọ́pàá àtàwọn tó ń ta oògùn olóró, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, àwọn olóṣèlú, ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ó ní eré náà jẹ́ kí òun rí bí ìlú kan ṣe lè máa ba ọmọ ara rẹ̀ jẹ́ láìsí pé ẹnì kan pàtó jókòó tó pète bẹ́ẹ̀. Ẹni Breaking Bad náà rojọ́ tiẹ̀: tíṣà kẹ́mísírì tí àrùn jẹjẹrẹ mú, apá 62, láti 2008 sí 2013, tí o ò sì lè tọ́ka sí ọjọ́ kan kí o ní, "Ọjọ́ yìí gan-an ló di ènìyàn burúkú." Ẹ̀rí nìyẹn. Ibi tí ẹ̀rí bá wà, ìdájọ́ lè wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n adájọ́ náà máa ń ṣìnà. Títí The Wire fi parí, kò gba ẹ̀bùn Emmy kan ṣoṣo. Àwọn tó ń pín ẹ̀bùn ń wò ó, wọ́n ń kọjá lọ. Nígbà tó wá di 2021, BBC bi àwọn onímọ̀ tẹlifíṣọ̀n 206 láti orílẹ̀-èdè 43 léèrè pé eré wo ló dára jù ní ọ̀rúndún kọkànlélógún yìí, The Wire ló gbégbá orókè. Ká kúkú sọ pé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì jàre.

Ẹ wá kíyè sí nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn tó bèèrè ìbéèrè yẹn pa ààlà sí i: ọ̀rúndún yìí nìkan. Àwa tí a ń jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù la yọ ààlà náà kúrò, tí a sọ ọ́ di "láti ìgbà tí aláyé ti dáyé". Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù. Kí ẹjọ́ tó lè lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìwé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ṣì wà nílẹ̀. The Wire jàre nítorí pé wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ẹni tí kò bá a pàdé ní 2002 lè bá a pàdé ní 2015. Eré tí wọn ò tọ́jú ńkọ́? Ìdájọ́ àkọ́kọ́ yẹn náà ni ìdájọ́ ìkẹyìn tirẹ̀, tàbí kó má tilẹ̀ rí ìdájọ́ kankan gbà.

Bẹ́ ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ gbọ́ ìtàn kan tó kan ilé wa. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, BBC pa ọ̀pọ̀ nínú eré rẹ̀ rẹ́. Téèpù wọ́n, wọ́n sì ń lò ó léraléra. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni máa fẹ́ wo eré àtijọ́ mọ́. Doctor Who, tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn bí ojú, wà lára àwọn tó fara gbá a. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ẹ̀dà fíìmù rẹ̀ sí òkè òkun, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó rà á. Ní 2013, wọ́n kéde pé Ọ̀gbẹ́ni Philip Morris ti rí apá 11 nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò sí lọ́wọ́ BBC mọ́ rárá. Jos tiwa yìí o!

Inú ìtàn méjì ni àwọn apá náà ti wá, The Enemy of the World àti The Web of Fear, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láàárín 1967 sí 1968. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀wò. Kó tó di pé wọ́n rí i, apá kan ṣoṣo nínú mẹ́fà ló kù nínú The Enemy of the World, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Doctor Who ò sì kà á sí nǹkan gidi. Nígbà tó pé pérépéré, tí wọ́n wò ó tán, ọ̀pọ̀ wọn yí ọkàn padà, wọ́n ní eré tó dáa mà ni. Ẹ ò rí i bí? Eré náà ò dára sí i nínú yàrá ìkẹ́rùsí ní Jos. Bó ṣe rí ní 1967 náà ló rí. Ìdájọ́ ló ti ń parọ́ mọ́ ọn láti ọjọ́ yìí wá.

Ibi tó ti dùn mí nìyí: yàrá kan ní ilẹ̀ wa bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú tiwọn. Tiwa dà? Ní 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ la ti rí Bàbá Sàlá àti ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olóògbé Oyin Adéjọbí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Kóòtù Aṣípa. Mélòó nínú gbogbo ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n bí ní Manchester lè jókòó wò lónìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?

Kódà, WNTV fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ààlà. Ó máa ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ti wà ní Mòrókò láti 1954. Bí "àkọ́kọ́", tí èèyàn lè fi kàlẹ́ńdà wọ̀n, bá lè nílò ààlà báyìí, mélòó mélòó ni "dára jù"?

Àwọn bàbá wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá ń pe eré kan ní ọba gbogbo eré ayé, tó jẹ́ pé kìkì eré tí wọ́n tọ́jú ló rí wò, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ó kàn sọ ju ohun tí ẹ̀rí ọwọ́ ẹ̀ lè gbé lọ.

Ẹ dúró ná o, mi ò tíì dá bàbá wa láre. Pé ẹnì kan ò sí ní kóòtù kò ní kó di aláre. Èmi náà wo Kóòtù Aṣípa ní kékeré, ní Ìbàdàn, lójú fèrèsé aládùúgbò wa, torí a ò ní tẹlifíṣọ̀n nílé. Bí mo bá rántí ẹ̀, inú mi á dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ṣé eré yẹn ni mò ń rántí ni, àbí ìyá mi tó dúró lẹ́yìn mi, tó fọwọ́ lé mi léjìká? Mi ò lè ya méjèèjì. Bí mo bá fi ìyẹn gbe eré náà, àárò ilé ni mo fi ń dájọ́ yẹn. Àwa tí a wà lókè òkun yìí, ó yẹ ká máa ṣọ́ra fún un. Àárò kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dáa. Gbogbo ohun tó bá ti kọjá ló máa ń gbè.

Kí wá ni ká ṣe? Lójú tèmi, gbèsè méjì ló wà nílẹ̀. Adájọ́ jẹ gbèsè kan: kó sọ ibi tí àṣẹ kóòtù rẹ̀ mọ. Ẹlẹ́rìí jẹ gbèsè kejì: kó má kàn ní "ó dùn nígbà yẹn", kó sọ ohun tó rí, kó sọ ohun tó ṣe fún un.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá wà níbẹ̀. Mo kí wọn tán, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú Kóòtù Aṣípa tí ẹ ò rí nínú eré mìíràn?"

Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni àkọ́kọ́ á ro tiẹ̀, o máa búra pé òun ló jàre. O ti ń bú ẹnì kejì nínú ara rẹ. Ẹnì kejì á wá lanu, ojú á tì ọ́ níbi tó o jókòó sí nínú pálọ̀ rẹ. Mo ṣe alága àdúgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó wá síbí. Tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ wá, mi ò jẹ́ sọ nǹkan kan títí ẹnì kejì á fi rò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ."

Ẹ̀rí nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò ní "ó dùn". Ó sọ ohun tí eré náà fi sínú òun, tó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Ó lè má sọ Kóòtù Aṣípa di àkọ́kọ́ láyé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dìde mọ́ kó ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Ọmọ The Wire gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò yí ọkàn padà, mi ò sì retí pé kó yí i. Kò lè gbé ohun tí kò rí sórí ohun tó rí, ìyẹn náà ì bá jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iyàn tún délẹ̀, mo gbọ́ tó ní, "Nínú gbogbo èyí tí mo ti wò, The Wire ni." Gbólóhùn kékeré ló fi kún un. Òun gan-an ni ààlà tí a ń wá.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ má kàn bi wọ́n pé eré wo ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹ ní kí wọ́n ro ẹjọ́ rẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi fóònù yín gbà á sílẹ̀. Téèpù ti lọ, ẹlẹ́rìí ṣì kù.